Ẹni tí Olùṣọ́ Kò Mọ̀

Kí ẹ tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná: mi ò sùn, mi ò mu nǹkan kan, ibà ò sì mú mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán gangan ni. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo gbogbo ìlú, mo sì ti jẹun yó. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ṣojú mi kòrókòró.

Mo ti sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí n lọ sinmi. Pátírọ̀n wa, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ ló kú. Bátìrì! Ẹ gbọ́ ọ tán ná, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá bátìrì ni.

Bassila ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Manigri ni mí. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni tiwa. À ń bá àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ilé rédíò tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí à ń pè ní sẹ́fọ̀, èyí tí wọ́n ń kó gbogbo nǹkan wọn pamọ́ sí. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Manigri, nínú yàrá kótópó kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó kájú sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Gàníyù lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú ti Manigri, èmi ń tọ́jú ti Bassila. Bàbá wa ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí náà òun ni mo mọ̀ ní bàbá. Òun ló ń bá mi wí, òun ló ń ra bàtà fún mi, òun náà ló jókòó tì mí lóru tí mo ń kàwé.

Òun náà ti kú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló gbá a lórí alùpùpù rẹ̀ ní ojú títì láàárín Manigri àti Bassila, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ wa, ẹ fara balẹ̀, ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kò le. Nínú sẹ́fọ̀ kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn wà tó dá dúró lọ́tọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣọ́ èyí tó tóbi. Bí sẹ́fọ̀ bá gbóná jù, ó mọ̀. Bí sẹ́fọ̀ bá kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ máa gbà jí i láti ìlú mìíràn, bí ẹni pé ẹ jókòó síwájú rẹ̀. Ó ní orúkọ gígùn kan nínú ìwé tí wọ́n fi ń tà á, ṣùgbọ́n olùṣọ́ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń pè é.

Olùṣọ́ kì í sùn. Ẹ lè pa sẹ́fọ̀ pátápátá, kí ẹ ti yàrá, kí ẹ máa lọ. Bí kọ́rán, iná mànàmáná, bá ṣáà ti wà nínú okùn rẹ̀, olùṣọ́ lajú sílẹ̀ nínú òkùnkùn níbẹ̀.

Nítorí pé ẹni tó bá ti rí olùṣọ́ mú ti rí gbogbo ilé mú, sẹtifíkà ni wọ́n fi ń wọlé tọ̀ ọ́. Ìwé ni, àmọ́ inú ẹ̀rọ ló wà. Olùṣọ́ ní tirẹ̀ tó fi ń hàn yín pé òun ni lóòótọ́. Ẹ̀yin náà ní tiyín. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó máa kú, ó sì ní ẹni tó fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá ti kan ilẹ̀kùn ní Manigri rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Orúkọ yín kò tó. Wọn á bi yín pé ọmọ ilé ta ni yín, ta ló mọ̀ yín níbí. Bí onílé bá mọ ẹni tí ẹ dárúkọ, wọn á gbé àga fún yín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ìta lẹ ó wà. Bí sẹtifíkà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń fọwọ́ sí gbogbo ìwé ilé-iṣẹ́ wa nígbà ayé rẹ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Ó máa ń sọ fún mi pé kí n má fi ọkàn mọ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rọ, ìwé ni kí n fi mọ̀ ọ́n. Ó ní bí òun fúnra òun bá dé láìsí ìwé, kí n lé òun jáde. Èmi a bú sẹ́rìn-ín. Ó tún kọ́ mi pé ìwé tó bá ti kú, kí n pa á rẹ́ lórí ẹ̀rọ mi lójú ẹsẹ̀, kí àwọn gáímàn má bàa rí i lò. Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì là ń pè ní gáímàn lọ́dọ̀ wa. Ó kórìíra wọn bí ìgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn gáímàn yìí náà ló sọ fún mi kẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó pè mí lórí fóònù. Mo wà ní Pénéssoulou, níbi ìkómọ ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ariwo sì pọ̀. Ó ní wọ́n ti fi orúkọ mi wá sórí ẹ̀rọ òun lọ́sàn-án. Ó bi mí bóyá àlàáfíà ni mo wà, bóyá ẹnikẹ́ni ń dà mí láàmú. Ó tún bi mí ní nǹkan kan nípa kájú àti wàrà tí mi ò gbọ́ dáadáa. Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nígbà mìíràn, mi ò gbọ́ yín."

Ó ní, "Mò ń bọ̀ láàárọ̀. Ojú mi ni mo fẹ́ fi rí ọ."

Kò dé ọ̀dọ̀ mi.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ fọ́ sínú àpò lẹ́yìn alùpùpù, kọ́kọ́rọ́ tó fi ń fọwọ́ sí ìwé sì bá a lọ. Ilé-iṣẹ́ wa yan ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ sí i. A pààrọ̀ ìwé gbogbo ẹ̀rọ, àyàfi ti Manigri. A pa sẹ́fọ̀ yẹn, a kó iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Bassila, a sì ti ilẹ̀kùn. Ìwé tèmi tí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí náà kú nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé. Mo pa á rẹ́, bó ṣe kọ́ mi.

Báyìí ni ọyẹ́ tún fi dé. Pátírọ̀n ní òun ti rí ẹni tó fẹ́ ra sẹ́fọ̀ àtijọ́ yẹn ní Parakou. Ó ní kí n wo inú rẹ̀ ná, bóyá nǹkan ilé rédíò ṣì kù síbẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn ọkùnrin ti lọ kírun, èmi nìkan ló kù nínú ọ́fíìsì, mo sì ń gbọ́ wáàsí láti ẹnu gbohùngbohùn mọ́sáláṣí.

Mo pe olùṣọ́ Manigri. Ojú kọ̀ǹpútà mi pọ́n kankan: ìwé ẹ̀rọ yìí ti kú, ẹ má wọlé. Mo wo ẹni tó fọwọ́ sí i. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Òun nìkan ni ìwé tó kù láyé tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí gbogbo wa ń dá tí a kì í jẹ́ kí pátírọ̀n gbọ́. Bí ìwé bá ti kú tí ẹ fẹ́ wọlé dandan, ẹ ó dá ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà yín padà sẹ́yìn, sí ìgbà tí ìwé náà ṣì wà láàyè. Ẹ̀rọ kò gbọ́n. Ó máa wo ọjọ́ tí ẹ fún un, ó máa gbà. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní irọ́ ni à ń pa fún ẹ̀rọ.

Mo dá a padà. Ọjọ́ tó wù mí ni mo lè yàn, gbogbo ọdún yẹn ló ṣí sílẹ̀. Jímọ̀ yẹn ni mo yàn, èyí tó ṣáájú Sátidé náà. Kò sí ìdí kankan. Ọjọ́ tí ọkàn mi máa ń padà sí nìyẹn, torí òun ni ọjọ́ ìkẹyìn tí mo ní ẹ̀gbọ́n.

Pupa ojú ẹ̀rọ lọ. Ilẹ̀kùn ṣí, torí ẹni tí olùṣọ́ kò mọ ìwé rẹ̀ ṣì lè fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe ara kọ̀ǹpútà. Wáàsí ni. Ohùn tó ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí yí padà láàárín gbólóhùn kan. Ohùn bàbá arúgbó ni mò ń gbọ́, ó ń dá ọ̀rọ̀ dúró láti wúkọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ ikọ́ yẹn. Ìmáàmù wa àtijọ́ ni, wọ́n sì ti sin ín. Mi ò yọjú wo ìta. Mi ò jẹ́ yọjú.

Mo sọ fún ara mi pé gbohùngbohùn ni, bóyá wọ́n gbé téèpù àtijọ́ sí i. Mo kọjú sí iṣẹ́ mi.

Olùṣọ́ ní sẹ́fọ̀ ń ṣiṣẹ́. Èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi pa á! Ó ní ó gbóná, bí ẹ̀rọ tí ènìyàn ń lò láti àárọ̀. Mo tẹ ibi tí mo lè fi rí ojú rẹ̀, ó sì fún mi lésì tó máa ń fún wa bí ẹni méjì bá jọ fẹ́ lo ẹ̀rọ kan: ẹlòmíràn ti wà níbí, ẹ dúró kí ó fún yín láyè.

Orúkọ ẹni náà wà níwájú rẹ̀. Gàníyù.

Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ̀rù nìkan ló bà mí. Inú mi dùn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, inú mi dùn débi pé mo fọwọ́ bo ẹnu.

Mo bẹ̀bẹ̀ fún àyè. Mo mọ ohun tí ẹni tó wà lọ́hùn-ún máa rí, torí èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí. Ó máa rí orúkọ mi. Lábẹ́ orúkọ náà, ó máa rí i pé olùṣọ́ kò mọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé mi. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú la ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn án.

Àyè kékeré kan ṣí nísàlẹ̀, ibi tí àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ kan náà ti lè kọ̀wé síra wọn.

"Ta ni?"

Bó ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Kì í kí ènìyàn lórí ẹ̀rọ kí ó tó mọ ẹni náà.

Mo kọ orúkọ mi. Mo ṣì í kọ, mo tún un kọ.

"Àbúrò mi ò sí nídìí ẹ̀rọ lónìí. Ó lọ síbi ìkómọ ní Pénéssoulou. Ta ni ọ́?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde lọ́la. Ẹ má gun alùpùpù. Ẹ má wá sí Bassila."

"Mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ ṣe ní Bassila lọ́la."

Mo ka gbólóhùn yẹn, kò sì yé mi. Mo sáré kọjá lórí rẹ̀. Ó ti yé mi báyìí, ó ń yé mi lójoojúmọ́ tí mo bá jí.

"Ìwé rẹ dà?" ó kọ.

Mo ní ìwé mi ló wà níwájú rẹ̀ yẹn. Ó ní òun kò mọ ẹni tó fọwọ́ sí i, pé òun nìkan ló ń fọwọ́ sí ìwé àbúrò òun. Òótọ́ ló sọ. Mo wá ìwé mi àtijọ́ káàkiri ara kọ̀ǹpútà, mo tú gbogbo ibi tí nǹkan lè fara pamọ́ sí. Bí ó bá wà ni, olùṣọ́ ì bá mọ̀ mí, torí lọ́jọ́ yẹn ìwé náà ò tíì kú. Kò sí. Mo ti gbọ́ràn sí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu, mo ti pa á rẹ́.

Mo wá ronú ohun tí ẹlòmíràn kò lè mọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọdé lágbègbè wa, pé ẹni tó bá jẹ èso kájú tó sì mu wàrà lé e máa kú. Nígbà tí a wà ní kékeré, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jẹ kájú nínú oko, a wá mu wàrà tí obìnrin Fúlàní kan gbé wá fún ìyá wa. Ìgbà tí a mu ún tán ni a rántí. A ò sunkún. A tẹ́ ẹní sẹ́yìn ilé, a dùbúlẹ̀, a di ara wa lọ́wọ́ mú, a ń retí ikú. Ibẹ̀ la wà títí ìyá fi pè wá pé kí a wá jẹun. A ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní fún ìyá pàápàá.

Mo kọ gbogbo rẹ̀. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ẹní, pẹ̀lú ọwọ́ tó di mú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi létí pé bí òun bá kọ́kọ́ kú, kí n má bẹ̀rù.

Mò ń gbọ́ tí ìmáàmù arúgbó ń wúkọ́ níta. Mò ń wo ojú ẹ̀rọ.

"Àwa méjì nìkan ló mọ ìyẹn."

Omi bọ́ lójú mi. Mo rò pé ó ti gbà mí. Mo kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni.

"Àbúrò mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi tí wọ́n bá ń fìyà jẹ ẹ́. Kí lẹ fi ọmọ náà ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tó ṣe mí. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ máa kú, lọ́la, lójú títì."

"Ẹ fi í sílẹ̀. Mò ń bọ̀ wá wò ó."

Ilẹ̀kùn sì tì. Ojú ẹ̀rọ padà di pupa. Mo kígbe, ẹ ò ní gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Níta, ohùn ìmáàmù tuntun ti ń ṣàdúrà, àwọn ènìyàn ń ṣe àmín.

Mo jókòó síbẹ̀ títí àwọn ọkùnrin fi dé. Wọ́n bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ ọ́, wọ́n sì fún mi ní èsì tí mo ti sọ fún yín. Mo dìde. Mo gun sẹ́mì, alùpùpù akérò, mo ní kí ó gbé mi lọ sí Manigri.

A kọjá níbi tí ọkọ̀ ti gbá a. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju igi kájú tó ń tanná àti eruku lọ. Mo ti kọjá níbẹ̀ rí, mo sì máa ń ṣépè fún awakọ̀ akẹ́rù yẹn àti gáímàn tó da ẹ̀gbọ́n mi láàmú nínú ọkàn mi. Lọ́jọ́ yìí, èpè náà ò jáde.

Yàrá kótópó yẹn rí bí a ṣe fi í sílẹ̀. Eruku bo sẹ́fọ̀, ó tutù bí òkúta. Iná olùṣọ́ nìkan ló ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Mo fọwọ́ lé e. Mo bi í pé ta ló wá síbí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi wà nílé, ó ń bó iṣu tó fẹ́ sá. Ó ti gbẹ gidigidi láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Mo jókòó tì í lórí àpótí, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"Ìyá, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn, kí ẹ̀gbọ́n tó lọ, kí ló sọ fún yín?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀. "Ó wọlé, kò lè jẹun," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ní nǹkan kan wọ inú ẹ̀rọ òun lọ́sàn-án, ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ sunkún. Mo ní kí ni nǹkan ọ̀hún fẹ́. Ó ní ó ní kí òun má jáde."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní kó má jáde nígbà náà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí. Ó pè ọ́ lórí fóònù, ó ní ohùn rẹ jìnnà, o ò sì dá òun lóhùn sí ohun tí òun bi ọ́. Ó ní, 'Ìyá, tó bá jẹ́ pé ó ti mú un lóòótọ́ ńkọ́? Ṣé kí n jókòó?' Ilẹ̀ mọ́, ó lọ."

Mo wò ó, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, òun nìkan ló ń gbé e.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, ìyá?"

"Kí n sọ kí ni? Kí n sọ fún ọ pé tìtorí rẹ ló ṣe gba ọ̀nà yẹn lọ?" Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi iṣu. "Kí ni nǹkan náà, ọmọ mi? Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Mo purọ́ fún ìyá mi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣépè fún gáímàn tó dẹ́rù ba ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mò ń ṣépè fún. Nǹkan tó wọ inú ẹ̀rọ wá sunkún, tí kò ní ìwé, tí olùṣọ́ kò mọ̀, èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní ohun tó fẹ́ ṣe ní Bassila. Èmi ni mo fún un ní ohun tó máa ṣe níbẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan, mo rò ó pé bóyá kì í ṣe òun rárá. Bóyá nǹkan mìíràn ló gbé orúkọ rẹ̀ wọ̀, torí èmi náà ò bi í ní ìwé. Ọkàn ni mo fi mọ̀ ọ́n, ohun tó ní kí n má ṣe láé. Àbúrò bàbá wa ní àlùjànnú ni, kí n máa ṣe àdúrà. Mò ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí àlùjànnú ni mo bá sọ̀rọ̀, báwo ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá mi ní Jímọ̀ yẹn, kí n tó kọ ọ́?

Mo ti tún gbìyànjú, ẹ má tan ara yín pé mi ò gbìyànjú. Ọjọ́ yòówù kí n dá kọ̀ǹpútà mi padà sí, kódà kí ó jẹ́ oṣù púpọ̀ ṣáájú, olùṣọ́ Manigri ń fún mi ní èsì kan náà: a ti fi òfin de orúkọ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ló dè é, gẹ́rẹ́ tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í fi ilẹ̀kùn tí olè ti kàn sílẹ̀ lásán. Mo fi orúkọ akẹgbẹ́ mi kan wọlé, ó gbà mí wọlé. Sẹ́fọ̀ ti kú, ó tutù, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo kọ "ẹ̀gbọ́n" síbi tí wọ́n ti ń kọ̀wé, mo sì ń wò ó.

Ẹni Parakou ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ náà lọ́sẹ̀ yìí. Mo bẹ pátírọ̀n pé kí ó jẹ́ kí n rà á, ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Bí wọ́n bá yọ okùn rẹ̀ kúrò, olùṣọ́ náà máa kú, àyè kékeré yẹn á sì tì títí láé. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n dúpẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí ìwé bá ti kú, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó kú. Ẹ má ṣe dá ọjọ́ padà. Mo bẹ̀ yín.

Ẹ̀yin yòókù ńkọ́? Bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá wá bá yín lọ́jọ́ kan, tí kò ní nǹkan kan tó lè fi hàn yín, tó kàn ń sunkún pé kí ẹ má jáde lọ́la, ẹ má wulẹ̀ bi í pé ta ló fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ẹ má sì ṣe wá mi wá. Ẹ jókòó sílé. Ó lè jẹ́ ẹni tó ti sin yín ni.